Orí Kẹta: Dídá Èdè Olóhùn Sílẹ̀ fún Àwọn Atukọ̀ Erékùṣù

Láti Gwarinpa dé etíkun tó sún mọ́ ọn jù lọ, ó ju 400 kìlómítà. Omi ńlá tó wà nítòsí ni adágún Jabi, ọwọ́ ènìyàn ló sì dá a. Síbẹ̀, ẹni tó bá ń kọ ìtàn àròsọ nípa àwọn atukọ̀ erékùṣù, tó fẹ́ kí wọ́n ní èdè tiwọn, tó sì fẹ́ kí èdè náà jẹ́ olóhùn, ibi ire ló jókòó sí bó bá jẹ́ ará Gwarinpa. Ilé tí Federal Housing Authority kọ́ síbẹ̀ ti kó ènìyàn jọ láti igun gbogbo ní Nàìjíríà. Kó dúró díẹ̀ ní ibùdókọ̀ tàbí nídìí ìsọ̀ aláta, yóò gbọ́ Yorùbá, Ígbò, Haúsá, Tiv, Idoma, Igala, Ìjọ àti Gbagyi. Èdè olóhùn ni gbogbo wọn. Bí oníkálukú wọn ṣe ń lo ohùn ló yàtọ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹ̀kọ́ wà.

Àwọn Gbagyi ló ń gbé orí ilẹ̀ náà kí wọ́n tó gbé olú-ìlú wá sí Àbújá. Gwari tí àwọn Haúsá ń pè wọ́n ló wà nínú orúkọ Gwarinpa. Èdè wọn bá ti Nupe tan. Nupe ní ohùn mẹ́ta bíi Yorùbá, òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, ẹ̀yà kan láàrin wọn tó ń jẹ́ Kede sì jẹ́ ọlọ́kọ̀ lórí Odò Ọya láti ayébáyé. S. F. Nadel kọ nípa agbára wọn lórí odò náà nínú A Black Byzantium, ìwé tó jáde ní 1942. Òǹkọ̀wé tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ohùn àti ọkọ̀ omi jìnnà sí àárín gbùngbùn Nàìjíríà kò tíì wo ilé aládùúgbò rẹ̀ dáadáa.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń dá èdè olóhùn sílẹ̀ máa ń kọ́kọ́ kó ọ̀rọ̀ jọ, wọn a wá wọ́n àmì ohùn lé e lórí bí ẹni ń wọ́n iyọ̀ sí ọbẹ̀ tó ti jinná. Irú èdè bẹ́ẹ̀ lè dùn ún wò, ṣùgbọ́n bí a bá pa gbogbo àmì náà rẹ́, kò sí ohun tó sọnù. Nínú èdè olóhùn tòótọ́, bí ohùn bá yí, ẹnìkan á ṣi ẹlòmíràn gbọ́, ọkọ̀ á sì lọ forí sọ àpáta. Nítorí náà, kí òǹkọ̀wé tó dá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ó yẹ kó ti pinnu iṣẹ́ tí ohùn yóò máa ṣe.

Iṣẹ́ tí ohùn ń ṣe

Gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ iṣẹ́ àkọ́kọ́, pé ohùn ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn. Ọkọ̀ tí a fi ń rìn lórí omi àti ọ̀kọ̀ tí a fi ń gún ẹja, ohùn kan péré ló là wọ́n láàrin. Ígbò tilẹ̀ ṣe é dé ọ̀nà mẹ́rin lórí ọ̀rọ̀ kan: ákwá ni ẹkún, ákwà ni aṣọ, àkwá ni ẹyin, àkwà sì ni ibùsùn. Iṣẹ́ yìí wúlò, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òun nìkan ni ohùn ń ṣe nínú èdè tuntun kan, èdè náà kò tíì lówó lọ́wọ́.

Iṣẹ́ kejì ló lọ́rọ̀ jù, ìyẹn ni kí ohùn máa ṣe gírámà. Ẹ gbọ́ bí àwọn Ẹdó ṣe ń ṣe é, àpẹẹrẹ tí Peter Ladefoged, onímọ̀ nípa ìró èdè, sọ di mímọ̀ kárí ayé. Ì mà ni ‘mo máa ń fi hàn’. Í mà ni ‘mo ń fi hàn lọ́wọ́’. Ì má ni ‘mo fi hàn’, ó ti kọjá. Kò sí kọ́ńsónáǹtì tó yí, kò sí fáwẹ́ẹ̀lì tó kúrò. Ohùn nìkan ló gbé àná àti òní lérí. Yorùbá náà ń ṣe díẹ̀ nínú èyí láìfiyè sí i. Ẹja ni ẹja ń jẹ́, àmọ́ bí a bá fẹ́ sọ pé ó kú, ‘ẹjá kú’ ni ẹnu wa ń pè. Ohùn òkè tó gun ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà ló ń ta olùgbọ́ lólobó pé olùwà ti parí, ìṣe ló kàn.

Àwọn Ìjọ, tí omi jẹ́ ilé àti oko wọn, ní ọ̀nà tiwọn. Kay Williamson, tó tẹ gírámà ẹ̀ka èdè Kolokuma jáde ní 1965, fi hàn pé ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ lè darí ohùn àwọn ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e nínú àpólà kan náà. Ọ̀rọ̀-ìṣe wọn sì máa ń gbẹ̀yìn gbólóhùn. Bí ọ̀rẹ́ Ìjọ kan bá wà ní àdúgbò, kí òǹkọ̀wé bẹ̀ ẹ́ kó pe ọ̀rọ̀-orúkọ kan lásán, lẹ́yìn náà kó fi ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́ ọn, kó sì fetí sí bí ohùn ṣe ń yí. Fóònù lè gba ohùn náà sílẹ̀. Praat, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí Paul Boersma àti David Weenink ṣe ní Amsterdam, yóò wá ya ìlà gígòkè àti sísọ̀kalẹ̀ ohùn náà sójú kọ̀ǹpútà. Ẹni tí etí rẹ̀ kò tíì dá ohùn Ìjọ mọ̀ lè fi ojú rí i.

Erékùṣù Pòmísá

Kí ọ̀rọ̀ má bàa dúró ní òfurufú, orí yìí dá èdè kékeré kan sílẹ̀ fún àpẹẹrẹ. Apẹja ni àwọn tó ń sọ ọ́, wọ́n ń gbé orí ọ̀wọ́ erékùṣù kan tó ń jẹ́ Pòmísá. Kọ́ńsónáǹtì mẹ́sàn-án ni wọ́n ní: p, t, k, s, m, n, l, w, y. (P wọn kì í ṣe p ti Yorùbá; ètè nìkan ni wọ́n fi ń pè é.) Fáwẹ́ẹ̀lì márùn-ún ni, a, e, i, o, u. Sílébù kọ̀ọ̀kan jẹ́ kọ́ńsónáǹtì kan àti fáwẹ́ẹ̀lì kan. Ohùn méjì péré ni, òkè àti ìsàlẹ̀.

Ìṣirò rẹ̀ rọrùn. Bí kò bá sí ohùn, sílébù 45 ni Pòmísá ní, ọ̀rọ̀ onísílébù méjì tó lè jáde nínú wọn sì jẹ́ 2,025. Bí ohùn méjì bá wọlé, sílébù di 90, ọ̀rọ̀ onísílébù méjì sì di 8,100. Ìyẹn tó fún ìwé ìtàn èyíkéyìí. Ohùn kẹta yóò sọ ọ́ di 18,225, òǹkọ̀wé tó sì jẹ́ ọmọ Yorùbá lè fẹ́ fi ohùn àárín kún un nítorí pé ó mọ́ ọn lára. Kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Lójú omi, nínú atẹ́gùn, ohùn méjì tó jìnnà síra ni etí ń dá mọ̀. Ti àárín ni ìjì máa kọ́kọ́ gbé lọ.

Ibo ni ohùn náà ti wá? Ìbéèrè yìí ni ọ̀pọ̀ èdè àdádá kì í dáhùn, bẹ́ẹ̀ òun ló ń fún èdè ní ìtàn. Ní 1954, André-Georges Haudricourt ṣàlàyé pé ìgbà kan wà tí Vietnamese kò ní ohùn. Ìgbà tí àwọn kọ́ńsónáǹtì kan pòórá ni ohùn gba ipò wọn. Ẹni tó bá mọ àwọn Ègùn ní Badagry tàbí ní Mákòkó lè gbọ́ irú agbára bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn títí dòní, nítorí pé nínú èdè Gbe tí wọ́n ń sọ, kọ́ńsónáǹtì bíi b, d àti g máa ń fa ohùn tó tẹ̀lé wọn wálẹ̀.

Èyí tó bá ọ̀rọ̀ wa mu jù wà ní erékùṣù Hainan, ní gúúsù Ṣáínà. Àwọn tí wọ́n ń pè ní Utsat ń gbé ibẹ̀, wọ́n sì ń sọ Tsat. Àwọn baba ńlá wọn wá láti Champa, ìjọba àwọn atukọ̀ àti oníṣòwò ní etíkun ibi tó ń jẹ́ Vietnam lónìí, ní nǹkan bí 1,000 ọdún sẹ́yìn. Èdè wọn bá Malay tan, kò sì sí ohùn nínú èdè tí wọ́n gbé wá. Wọ́n bá àwọn aládùúgbò tó ń sọ èdè olóhùn pàdé, ọ̀rọ̀ wọn kúrú di onísílébù kan, kọ́ńsónáǹtì ìparí ń já bọ́, ohùn sì ń dìde rọ́pò wọn. Graham Thurgood ti tọpasẹ̀ ìyípadà yìí ní kíkún. Lónìí, ohùn márùn-ún ni Tsat ní. Ìrìn àjò lórí òkun ló bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà, òǹkọ̀wé kò sì lè rí àwòkọ́ṣe tó sún mọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ju èyí lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni Pòmísá ṣe gba ohùn tirẹ̀. Láyé àtijọ́, wọ́n ní b, d àti g. Nígbà tó yá, b di p, d di t, g di k, ṣùgbọ́n ohùn ìsàlẹ̀ ṣẹ́kù síbi tí wọ́n ti kúrò. Sílébù yòókù gba ohùn òkè. Erékùṣù kan wà lápá ìlà-oòrùn, Nasebu, tí kò yí padà. Ọkọ̀ ń jẹ́ bado ní Nasebu, ó ń jẹ́ pàtò ní Pòmísá. Iyọ̀ ń jẹ́ pato ní Nasebu, ó ń jẹ́ pátó ní Pòmísá. Orúkọ Pòmísá gan-an, Bomisa ni àwọn ará Nasebu ń pè é. Láti inú òfin kan ṣoṣo yìí, òǹkọ̀wé ti rí èdè méjì, ìyapa ìdílé, àti ohun tí oníṣòwò Nasebu lè fi ṣi ọjà rà: ó gbọ́ pàtò àti pátó bí ọ̀rọ̀ kan náà, nítorí pé etí rẹ̀ kò dá ohùn mọ̀.

Ibi tí ohùn ti ń ṣiṣẹ́ jù ní Pòmísá ni ọ̀rọ̀-ìṣe ìrìn. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí kò ní ohùn tiwọn. Ibi tí ọkọ̀ dojú kọ ló ń fún wọn ní ohùn. Mena ni ‘wa ọkọ̀’. Méná ni kí ọkọ̀ kọrí sí agbami. Mènà ni kó máa bá èbúté lọ. Mèná ni kó ṣí kúrò ní ilẹ̀, ménà sì ni kó padà sílé. Láyé àtijọ́, ọ̀rọ̀ kékeré kan máa ń ṣáájú ìṣe, òmíràn a sì tẹ̀lé e; àwọn ọ̀rọ̀ náà ti pòórá, ohùn wọn ló kù. Ó jọ bí àwọn ará Hawaii ṣe ń júwe ọ̀nà: mauka ni apá òkè ilẹ̀, makai ni apá òkun, wọ́n sì ń lo méjèèjì lójoojúmọ́ títí dòní, kódà láàrin ìgboro. Èkó náà mọ irú rẹ̀, nítorí ará òkè ni wọ́n ń pe ẹni tó ti inú ilẹ̀ wá.

Èrè rẹ̀ hàn nígbà tí ìjì bá dé. Ọ̀gá atukọ̀ pariwo láti ọkọ̀ kan sí èkejì, atẹ́gùn gbé m àti n lọ, ṣùgbọ́n olùgbọ́ ṣì gbọ́ òkè-ìsàlẹ̀, ó sì mọ̀ pé ilé ni wọ́n ń lọ.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀ tí òǹkọ̀wé kò gbọdọ̀ fojú fò. Ohùn kò ní ìwọ̀n kan tó dúró gbọn-in. Ohùn òkè bàbá àgbà lè rẹlẹ̀ ju ohùn ìsàlẹ̀ ọmọdébìnrin lọ. Nígbà tí a bá gbọ́ sílébù méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ ni a ń mọ èwo ló ga. Ẹni tó bá gbọ́ ‘mènà’ lọ́ọ̀ọ́kán láti ẹnu àjèjì lè rò pé méná ni. Pòmísá yanjú rẹ̀ báyìí: gbogbo ìpè lójú omi gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ‘wóò’, òkè tó rọ̀ sí ìsàlẹ̀, kí olùgbọ́ lè mọ ibi tí òkè àti ìsàlẹ̀ olùpè náà wà kí àṣẹ tó dé. Ọmọ tó bá gbàgbé wóò, wọn kì í jẹ́ kó di ìtọ́kọ̀ mú.

Fífé, ìlù àti ọwọ́

Ibi tí ẹnu kò dé, fífé súfèé lè dé ibẹ̀. Yorùbá mọ èyí láti ara gángan, ṣùgbọ́n awọ ìlù àti omi òkun kì í ṣe ọ̀rẹ́. Àwọn Lokele, tó ń pẹja tó sì ń ṣòwò lórí odò Congo, ìlù onígi ni wọ́n ń lù kọjá odò. John Carrington kọ́ èdè ìlù náà láàrin wọn, ó sì tẹ ìwé nípa rẹ̀ jáde ní 1949. Ó ṣàlàyé pé ohùn méjì ni Lokele ní, nítorí náà ọ̀rọ̀ púpọ̀ máa ń dún bákan náà lórí ìlù. Àwọn onílù kì í wá lu ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Wọn a fi gbólóhùn ìjúwe gùn ún títí olùgbọ́ kò fi ní ṣì í mú. Òṣùpá yóò di òṣùpá tó ń wo ilẹ̀ láti òkè.

Ohun tí Pòmísá nílò nìyẹn. Pàtò ni ọkọ̀, kùpò sì ni ẹja ekurá. Nínú fífé, ìsàlẹ̀-ìsàlẹ̀ ni méjèèjì. Nítorí náà, ẹni tó ń fé ìkìlọ̀ kì í fé kùpò nìkan. Á fé kùpò méná, ekurá tó kọrí sí agbami: ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, òkè, òkè. Ọkọ̀ á sì di pàtò mèná, èyí tó ṣí kúrò ní ilẹ̀: ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, òkè. Òǹkọ̀wé tó bá tẹ̀lé ọ̀nà yìí yóò rí i pé oríkì ń hù fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ó jókòó láti kọ ewì.

Lábẹ́ omi, ohùn kò wúlò rárá. Nínú Avatar: The Way of Water, fíìmù tó jáde ní 2022, CJ Jones, òṣèré tó jẹ́ adití, ló dá èdè ọwọ́ sílẹ̀ fún àwọn ẹ̀yà ojú òkun inú rẹ̀. Àwọn òmùwẹ̀ Pòmísá náà ní láti ní tiwọn.

Orin gba ìṣọ́ra. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá nínú ìjọ, orin a gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀, ìtumọ̀ a sì dàrú. Ekundayo Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní Èkó, kọ ìwé lórí bí orin àti ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣe gbọ́dọ̀ bára mu, ó sì jáde ní 1953. Orin ìwakọ̀ Pòmísá gbọ́dọ̀ tẹ̀lé mènà àti méná. Bí olórin bá fi ohùn àṣẹ kan sípò òmíràn, ó ti darí ọkọ̀ sí ibi tí kò yẹ.

Àwọn aládùúgbò àti àkọsílẹ̀

Kò sí erékùṣù tó dá wà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí èdè atukọ̀ ṣe ń gba ohùn àjèjì mọ́ra, kó wo Gulf of Guinea. Ní Príncipe, èdè kan wà tó ń jẹ́ Lung’Ie. Àwọn Potogí kó ẹrú láti ìjọba Benin lọ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ Potogí ló pọ̀ jù nínú èdè náà, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ Ẹdó ṣì wà níbẹ̀. Anthony Traill àti Luiz Ferraz kọ nípa ohùn rẹ̀ ní 1981. Ní gúúsù São Tomé, àwọn Angolar jẹ́ apẹja, ọ̀rọ̀ Kimbundu sì pọ̀ lẹ́nu wọn ju ti àwọn ará erékùṣù yòókù lọ. Omi kan náà, ìtàn ẹrú tó jọra, èdè tó yàtọ̀. Pòmísá náà gbọ́dọ̀ ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹni tó fìyà jẹ wọ́n, àti èyí tí wọ́n kọ̀ láti gbà.

Bí a ṣe máa kọ ọ́ sílẹ̀ ńkọ́? Àwọn Kru láti etíkun Làìbéríà àti Côte d’Ivoire ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní sẹ́ńtúrì 19, wọ́n sì ní àdúgbò tiwọn ní Freetown. Èdè wọn ní ohùn púpọ̀. Ní Côte d’Ivoire, àwọn onímọ̀ fi ìlà kékeré síwájú ọ̀rọ̀ láti fi ohùn ìsàlẹ̀ hàn, wọ́n sì fi àmì bíi kọ́mà tó wà lókè hàn pé ohùn ga, kí ẹni tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lásán lè kọ èdè rẹ̀. Òǹkàwé Yorùbá kò nílò ìyẹn. Ó ti mọ ìtumọ̀ à àti á. Ṣùgbọ́n fáwẹ́ẹ̀lì tí kò ní àmì, ohùn àárín ni yóò kà á sí, Pòmísá kò sì ní ohùn àárín. Kí òǹkọ̀wé fi àmì sórí gbogbo sílébù, láìdá ọ̀kan sí.

Fún ẹni tó bá fẹ́ kí àwọn ènìyàn rẹ̀ ní álífábẹ́ẹ̀tì àti ònkà tiwọn, àpẹẹrẹ wà nílé. Ní ilẹ̀ Ibibio, ìjọ Kristẹni kan dá Medefaidrin sílẹ̀, pẹ̀lú álífábẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ àti ònkà tó dá lórí ogún. Wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ fún un ní 1936, ìjọba amúnisìn sì tì í. Èdè náà kò kú. Ní 2018, àwọn lẹ́tà rẹ̀ wọ Unicode, kí kọ̀ǹpútà gbogbo ayé lè kọ ọ́.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá tó 200, ó tó láti dán an wò. Kí ènìyàn méjì lọ sí etí adágún Jabi nírọ̀lẹ́, kí omi wà láàrin wọn, kí ọ̀kan fé àṣẹ mẹ́wàá, kí èkejì kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀. Àṣẹ tó bá ṣi olùgbọ́ lọ́nà, a ó fi gbólóhùn gùn ún bíi ti Lokele. Bó bá tún kùnà, a ó yí ohùn rẹ̀ padà nínú ìwé atúmọ̀, a ó sì ṣàtúnṣe ọ̀rọ̀ Nasebu tó bá a tan, kí òfin ìyípadà àwọn erékùṣù méjèèjì lè ṣì máa bára mu.